Iyọ̀ Àǹtí Mi Wà Lọ́dọ̀ Aládùúgbò

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Ugbowo, nílùú Benin, tí iṣẹ́ kò tíì yọjú, mo kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, nínú ilé alájọgbé kan nítòsí Siluko Road. Rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lẹ́sẹ̀ òsì. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, kí ẹsẹ̀ náà má baà gan. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sì ti ránṣẹ́ láti Iléṣà pé bí ọdún Àjíǹde bá dé tí wọn ò tíì lè dá tọ́jú ara wọn, òun á wá mú wọn lọ sílé. Àǹtí mi ò fẹ́ lọ. Benin ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn, ibẹ̀ ni ọkọ wọn sùn sí.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rìn, wọ́n á ṣubú. Mo tún ń bẹ̀rù pé bí wọn ò bá rìn, wọ́n á lọ Iléṣà. Mo ní ká máa yí ilé po láràárọ̀. A ṣe é fúngbà díẹ̀, òjò dé, a dáwọ́ dúró.

Àǹtí mi ní, "Ìrìn tí kò níbi tó ń lọ! Ṣé wèrè ni mí ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo fẹ́ se ọbẹ̀, n kò rí iyọ̀. N kò rí epo. Mo bi àǹtí mi.

"Iyọ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá Ẹdó tó wà lẹ́yìnkùlé. Epo wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán bàtà lẹ́nu géètì. Èmi ni mo kó wọn lọ. Bí ebi bá pa mí, màá rìn."

"Ẹ jẹ́ n lọ mú wọn wá, mà."

"Jókòó síbẹ̀! Ṣé ìwọ ni rọpárọsẹ̀ ń ṣe?"

Wọ́n fọwọ́ ti ògiri lọ. Ìwọ̀nba iyọ̀ tí ọbẹ̀ ọjọ́ náà máa gbà ni wọ́n bù, kí wọ́n lè padà lọ lọ́la. Bí wọ́n bá pẹ́, ìyá Ẹdó á ké pé, "Màmá, iyọ̀ yín ti sùn, ó ti tún jí o!" Ẹni tó ń rán bàtà, ọmọ Ọ̀wọ̀, á ní, "Ẹ kú ìrìn, mà. Ṣé Èkó lẹ ti ń bọ̀?"

"Èkó ni. Wọ́n ní bàtà tí o rán ti já."

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá wúwo, epo tó sún mọ́ wa nìkan ni wọ́n máa ń lọ mú. A ó jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, wọn ò ní bínú sí ara wọn, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún jáde. Èmi kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ìtìjú á mú kí n pa gbogbo rẹ̀ tì.

Ọdún Àjíǹde dé. Ẹ̀gbọ́n wọn gba ọkọ̀ wá. Wọ́n jẹun tán. Bí wọ́n ṣe dìde, tí wọ́n fẹ́ sọ pé ká kó ẹrù, àǹtí mi ti mú gèlè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n sìn yín sọ́nà."

Àǹtí mi ò tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí àìsàn náà ti dé. Mo ń tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ mi nà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbá ẹyin mú. Ẹ̀gbọ́n wọn ń fi ẹsẹ̀ falẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ òsì náà títí a fi dé títì níbi tí ọkọ̀ wà. Dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún àǹtí mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ti ilẹ̀kùn náà padà.

Dírẹ́bà ní, "Ṣé màmá ò bá wa lọ mọ́ ni, sà?"

"O ò rí i ni? Èmi ló wá sìn."