Tú-u-wò àti Máṣìnì Oníná

Tú-u-wò ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Télọ̀ ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí kò sí ìyá, tí kò sí bàbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo fẹ́ kọ èyí.

Ẹnu ọ̀nà wa lorúkọ yẹn ti wá. Orí fóònù ló ti máa ń ra òwú, bọ́tìnì, àti nǹkan ilé. Bí ẹni tó ń fi alùpùpù gbé ọjà kiri bá dé, kò ní sanwó àfi tó bá rí inú ẹrù.

"Àǹtí, ẹ sanwó ná. Ẹ máa tú u nínú ilé."

"Tú u wò."

"Òjò ti ṣú o!"

"Kó rọ̀. Tú u wò."

Ìgbà kan, bàtà ló rà. Ẹsẹ̀ òsì méjì ló jáde. Ọmọkùnrin tó gbé e wá ní, "Àǹtí, ẹ kúkú fi jó." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ ni kó o fi jó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán ẹ."

Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá bá a kí wọ́n tó ra nǹkan. Á sọ fún wọn pé, "Ẹ má ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yin ọjà nìkan. Ẹ wá ẹni tó ń bú u." Á tún ní, "Ọjà tó bá ṣọ̀pọ̀ jù, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe é." Èyí tó máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé bí wọn ò bá lè tú ẹrù wò kí wọ́n tó sanwó, inú ìkànnì tí wọ́n ti rí ọjà lórí fóònù ni kí wọ́n ti san án. Ẹni tó bá ní kí wọ́n san án fún òun lọ́tọ̀, kí wọ́n sá fún un.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mímí dogun. Dókítà ní kó yéé fi ẹsẹ̀ tẹ máṣìnì. "Ọkàn yín ò gbé e mọ́." Ẹlẹ́sẹ̀ sì ni máṣìnì kan ṣoṣo tó ní. Búlọ́ọ̀kù lèmi ń rù. Bíṣẹ́ bá wà, mo rù. Bí kò bá sí, mo jókòó. Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá rán aṣọ, a ò ní jẹun. Ó wá di dandan kó ra máṣìnì oníná.

Ó wá a títí. Gbogbo èyí tó rí ló ní àléébù. Ìgbà tó yá, ó rí ti obìnrin kan tó ní télọ̀ lòun náà, ojú ló ń dun òun, òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó fi àwòrán aṣọ tó fi máṣìnì náà rán ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo máṣìnì. Ojú rírán ló ń wò. Ó fi ìka fẹ àwòrán náà títí ó fi kún fóònù.

"Wo inú ẹ̀. Ó ká etí aṣọ níbi tẹ́nì kankan ò ní wò. Ẹni tó ń ṣe inú aṣọ báyìí kì í jalè."

Obìnrin náà ní kó sanwó fún òun tààrà, torí pé àwọn tó ni ìkànnì á yọ nínú ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ìyẹn fáwọn olè. Télọ̀ bíi tèmi lèyí."

Ó san án. Obìnrin náà ní máṣìnì ti wà lọ́nà. Nígbà tó yá, nọ́ńbà rẹ̀ ò wọlé mọ́.

Ó pe àwọn tó ni ìkànnì. Mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan. "Ká ní inú ìkànnì lẹ ti san án ni, à bá bá yín gbà á. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà."

"Òótọ́ lo sọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi náà ni mò ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn."

Ó padà rí àwòrán yẹn lójú ewé télọ̀ mìíràn, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó jìnnà sí wa. Wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rán an kì í ṣe olè."

Àdúgbò gbọ́. Ẹnì kan kọjá níwájú ilé, ó ní, "Tú-u-wò ò tú tiẹ̀ wò." Wọn ò gbé fóònù wá mọ́.

Ó padà sídìí máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ebi náà ń pààyàn." Ọ̀sán gangan ló kú síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí irin tó ń tẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí fóònù rẹ̀. Máṣìnì oníná náà ṣì wà fún títà. Nọ́ńbà tuntun ló wà lára ẹ̀. Obìnrin kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ṣé ó ṣì wà?" Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ó wà, màmá mi. Ẹ pè mí."

Mi ò yára kọ nǹkan. Mo ń wá lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ má sanwó. Olè ni." Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Wọ́n tì mí síta lójú ewé wọn, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Mo lọ yá fóònù ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, mo fi wò ó. Obìnrin náà ti kọ̀wé mìíràn sísàlẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fowó ránṣẹ́."