Àpótí Méjì ní Ọjà Òsì

Nígbà tí Ìbítóyè ti ibi iṣẹ́ rélùwéè padà sí Òsì, ohun méjì ló mú bọ̀: orúnkún kan tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, àti àpótí kan tí aṣọ dúdú bò lójú. Irin ló já lé orúnkún náà ní Jẹ́bà, nígbà tí wọ́n ń ṣe afárá. Àpótí náà, ọwọ́ akọ̀wé kan ní Ìlọrin ló ti rà á, gbogbo owó gbà-má-bínú tí àwọn òyìnbó fún un ló sì bá a lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti kú kò lè kọ ebè. Ẹni tí kò sì lè kọ ebè ní Òsì, ìdí ìkòkò ẹlòmíràn ni yóò ti máa jẹun títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìbítóyè mọ èyí. Ọláoyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó gbà á sílé, mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

“Àpótí lo rà,” ni Ọláoyè wí. “Ó dáa. Bí ebi bá ń pa ọ́, kí o sè é.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpótí lásán. Ihò kan wà níwájú rẹ̀ tí dígí ribiti dí. Bí èèyàn bá fojú kan ihò náà, yóò rí àwòrán bí ẹni pé nǹkan ọ̀hún gan-an ló dúró síwájú rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi ńlá lórí ọ̀sà Èkó, ọkọ̀ ojú irin lórí afárá, obìnrin òyìnbó kan lórí kẹ̀kẹ́. Kọ́bọ̀ kan ni owó ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́, àwọn èèyàn tò láti ìdí igi àràbà dé ẹnu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ. Ìyá Memunat tó ń ta iyọ̀ san owó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ki ọwọ́ sẹ́yìn àpótí wò bóyá omi ọ̀sà yóò tutù sí i lọ́wọ́.

Fún oṣù mẹ́rin, Ìbítóyè ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sí ọjà Ìlọ́fà, ó ń lọ sí Ìsólò-Ọ̀pin, ó sì ń ra iṣu wálé. Ọláoyè kò sọ̀rọ̀ sísè mọ́.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Pákó àpótí náà mumi, ó là, Ìbítóyè sì gbé e tọ Lábọ̀dé agbẹ́gilére lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe kékeré. Ọjọ́ mẹ́ta ni àpótí lò níbẹ̀. Lábọ̀dé tún un ṣe dáadáa, kò gba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àpótí méjì ló wà lábẹ́ àràbà. Ti Lábọ̀dé kò ní dígí, ihò lásán ni, ṣùgbọ́n ó fín ọnà sí i lára yí ká. Èédú, osùn àti aró ló fi ya ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára pákó pẹlẹbẹ. Kò sì gba owó. Ẹni tó bá fẹ́ lè fún un ní ẹ̀bù iṣu kan.

“Lábọ̀dé, kí lo ṣe yìí?”

Ojú Lábọ̀dé ń dán. “Ó dára, àbí? Wo ọkọ̀ ojú omi mi, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn! Mo fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i kó má baà rì.”

“Ìran mi ni.”

“Ta ló ní kì í ṣe tìrẹ? Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni mò ń sọ fún pé ọ̀dọ̀ Ìbítóyè ni mo ti rí i.”

Inú Lábọ̀dé mọ́. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Láàárín àwọn agbẹ́gilére, ẹni tí wọ́n bá wo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ni wọ́n bọlá fún. Lábọ̀dé kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹlẹ́ṣin lára ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà kọ́ ọ lára tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbowó ẹṣin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbítóyè wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé fún un pé oúnjẹ òun ló yà sára pákó. Kò rí ọ̀rọ̀ náà.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kígbe ìran, èsì kan náà ni: “A ti rí i.” Ó gé owó sí ààbọ̀. A ti rí i. Níkẹyìn, àánú ṣe Ìyá Memunat, ó san owó, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí. Nígbà tó gbójú sókè, ó fajú ro.

“Ìbítóyè, èyí kọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà dà?”

“Ìyá, ọkọ̀ ojú omi kò lẹ́sẹ̀.”

“Ti Lábọ̀dé lẹ́sẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ wo tèmi lẹ́ẹ̀mejì?”

“Bóyá ojú mi kò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi, ẹ̀tàn kò dáa.” Ó na ọwọ́. Ìbítóyè dá owó rẹ̀ padà sínú àtẹ́lẹwọ́ náà.

Ọyẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lábọ̀dé wá jókòó tì í níwájú ilé.

“Ẹgbẹ́ mi, ìgbà wo ni ìran tuntun ń bọ̀? Ti àtijọ́ ti sú wọn. Lọ́jà àná, ẹyọ ẹnì kan kò wo tèmi.”

“Ìlọrin ni wọ́n ti ń tà á,” ni Ìbítóyè wí. “Inú ihò àpótí mi ni owó tí mo fẹ́ fi rà á ti ń wọlé.”

Lábọ̀dé rò ó, ó tún un rò. “Kí ló wá dí ihò náà?”

Ìbítóyè wo ojú rẹ̀ títí. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì bi í léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

Adìẹ ìyàwó Ọláoyè ló ń yé ẹyin sínú àpótí náà báyìí. Ìbítóyè a máa jókòó sórí àpáta tí wọ́n ń sá èlùbọ́ sí, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, yóò máa lé ewúrẹ́. Bí oúnjẹ bá jinná, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ níbi tó wà. Kì í dìde. Yóò dúró títí wọn yóò fi rántí láti pè é.