Gílóòbù Iwájú Ilé Bàbá Mi

Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ gílóòbù náà. Mo ti gbìyànjú láti di ẹ̀bi rẹ̀ ru oníwáyà tó wá gbé sólà sílé wa l'Áyétòrò, ṣùgbọ́n ẹrù náà ò dúró lórí ẹ̀. Ohun tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ. Ó ní bátìrì tí a rà kò ní lè gbé àwọn gílóòbù àtijọ́ tó wà nílé, pé ooru lásán ni wọ́n ń fi iná ṣe, pé kí n yọ gbogbo wọn, kí n fi àwọn funfun tuntun tí kì í jẹ iná rọ́pò wọn. Èmi tí mo máa ń bá gbogbo ayé jiyàn, mi ò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà. Ńṣe ni mo dúpẹ́.

Mẹ́jọ ni wọ́n. Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé míṣọ́ọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ló fi gbogbo wọn síbẹ̀. Èyí tó wà ní bárándà iwájú ni kì í fi ṣeré. Nígbà tí mo wà ní girama ní Ìlaròó, tí ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kì í tètè dé, ó máa ń tàn án kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pa á títí n ó fi wọlé. Mo parí girama, mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo lọ́kọ, mo sì padà wá máa tọ́jú Bàbá, síbẹ̀ kò yéé tan gílóòbù náà. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ti di oníná funfun. Tiwa nìkan ló ṣì ń tàn pupa rúsúrúsú.

Mo kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú garawa, mo lọ dà wọ́n sí ààtàn, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́. Inú mi dùn. Ilé mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ọmọńlé tó ti ń gbé òkè àjà láìsan owó ilé.

Iyè Bàbá ti ń ra díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Ó lè pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ó sì lè jẹun tán kó ní a ò fún òun lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í dá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àlàájì kan tó ti ń ta àgbàdo rí, nílé kẹrin sí tiwa. Wọ́n á gbọ́ ìròyìn nínú rédíò, wọ́n á bú ìjọba, á sì dá padà wálé. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn fáwọn ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé ara Bàbá ṣì le.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ gílóòbù, kò dé. Mo pe Àlàájì, ó ní Bàbá ti kúrò lọ́dọ̀ òun tipẹ́. Mo sáré jáde. Ìkóríta ni mo ti rí i, ó ti kọjá ilé wa lọ jìnnà, ó ń wo ilé kọ̀ọ̀kan lójú. Ọlọ́kadà kan bá mi gbé e dé ẹnu géètì, Bàbá sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò wọlé.

Ó ní, "Èyí kọ́ ni ilé mi. Iná tèmi pupa."

Àlàájì ló wá bẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Ó sùn sórí àga, bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí àlejò tó ń retí kí ilẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń wá gílóòbù. Kò sí l'Áyétòrò. Ní Ìlaròó, ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí bóyá funfun ni mo fẹ́ tàbí èyí tó ṣe bí ojú ọ̀sán, wáàtì mélòó, ẹlẹ́nu píìnì ni àbí èyí tí wọ́n ń lọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló tún ń lo ìyẹn. Ọjà-Ọ̀dàn, nítòsí bodè, ni obìnrin kan ti gbé páálí kan jáde, Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Gílóòbù inú rẹ̀ jọ tàtijọ́, okùn tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, iná rẹ̀ sì pupa. Mo gbá a mọ́ àyà títí dé ilé. Ẹnu rẹ̀ kò bá tiwa mu. Oníwáyà ní láti pààrọ̀ ihò tí wọ́n ń fi í sí ní bárándà.

Bàbá dúró níwájú bárándà, ó wò ó pẹ́. Ó ní ẹni tó ni ilé yìí gbìyànjú, pé iná rẹ̀ fẹ́ jọ tòun.

Dókítà ní kì í ṣe gílóòbù ló fà á, pé àìsàn náà á dé ibi tó dé bó pẹ́ bó yá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Èmi náà ò rí i ṣe.

Ní báyìí, bárándà ni Bàbá máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, kì í bọ́ fìlà. Láìpẹ́ yìí, bátìrì ń ké pé iná ti fẹ́ tán, mo sì nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má tíì pa á," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ láti Ìlaròó. Ọkọ̀ wọn kì í tètè dé."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, lábẹ́ iná náà gan-an, mo ní, "Bàbá, èmi nìyí. Mo ti dé."

Ó wo ojú mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ nu ibẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká jọ máa retí ẹ̀."

Mo jókòó.