Èéfín Inú Yàrá Aláago

Yàrá kan náà ni ìyá oníwúrà àti ọkọ rẹ̀ aláago ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ojú fèrèsé ni tọkọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni tìyàwó. Bí ẹnìkan bá gbé ṣéènì tó já wá, ìyá á jù ú sínú ásíìdì títí yóò fi yọ́, á wá fi ṣíbí bu páúdà kan sí i, ojúlówó wúrà á sì rọra sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ ife bí erùpẹ̀. Ọkọ á ní, "Má fi ṣíbí yẹn ro ọbẹ̀ fún mi o!"

Nígbà tó yá, ilé ìtajà tó ń ta àwọn nǹkan wọ̀nyí kógbá wọlé. Ìyá ò káwọ́ gbera. Omi bátìrì àti ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fi rọ́pò ásíìdì; oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí koríko ló fi rọ́pò páúdà. Wúrà ń mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ nìkan ló pọ̀. Wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ṣí fèrèsé, ó parí.

Kò pẹ́ tí aago fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ bàbá aláago lọ́wọ́. Oníbàárà kan gbé tiẹ̀ padà wá:

"Bàbá, èyí tẹ́ ẹ ṣe fún mi ti tún dúró."

Bàbá á tún un ṣe, á tún dúró. Ó ra awò ojú tó nípọn sí i, pàbó. Ó ń na ìka rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ọjọ́ ogbó ti dé nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi." Nígbà táwọn oníbàárà ò wá mọ́, bàbá nu tábìlì rẹ̀, ó lọ jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kan ìyá fẹ́ gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀. Ó mú páálí abẹ́rẹ́ tuntun tó gbàgbé sórí tábìlì aago. Gbogbo wọn ti dógùn-ún, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ó fa dúróà bàbá: irin wínníwínní inú rẹ̀ náà ti dógùn-ún. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí èéfín iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jáde, ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀.

"Bàbá wa, kì í ṣe ọwọ́ yín. Èéfín mi ló ń jẹ irin inú aago!"

Bàbá ní, "O ṣeun, ìyàwó mi. O ò fẹ́ kó dùn mí ni."

"Ẹ wo abẹ́rẹ́ yìí!"

"Abẹ́rẹ́ nìyẹn. Èmi mọ ọwọ́ ara mi."

Ìyá kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ yàrá, ó ra irinṣẹ́ tuntun, ó gbé aago kan síwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bàbá mú ẹ̀mú kékeré, ó nawọ́ sí aago. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n lóòótọ́, ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́. Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀.

"Ṣé o rí i báyìí?"

Títí tó fi kú, kò fọwọ́ kan aago mọ́. Àwọn tó wá kí ìyá kú ará fẹ́ra kù ń sọ pé aláago gidi ni, kí ọwọ́ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ìyá ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ò bàjẹ́ o. Èmi ni, èéfín mi ni." Wọ́n rọra ń gbá a léjìká, wọ́n ní kó pẹ̀lẹ́, kó má ronú mọ́.