Fìtílà Tó Kú Nínú Kànga

Ó ti lé lógún ọdún tí Rùfáì ará Ìwó ti ń gbẹ́ kànga ní Ọ̀tà. Láyé ìgbà tí ẹni tó bá ti rí ilẹ̀ méjì rà ń dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tí ẹni tó rí púpọ̀ rà ń dá yunifásítì, iṣẹ́ ò jẹ́ kó rójú ráyè. Òfin kan ló kọ́kọ́ kọ́ Jìbírílù àbúrò rẹ̀: fìtílà ló ń ṣáájú èèyàn wọ kànga. Ibi tí iná bá ti kú, kò sí atẹ́gùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ojú Rùfáì ni wọ́n ṣe fa òkú méjì jáde nínú kànga kan ní Agbára. Ẹnì kejì lọ yọ ẹnì kìíní ni.

Lọ́jọ́ náà, lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Joju, Jìbírílù wà nísàlẹ̀ kànga, ó ń fi dígà lu òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Lójijì, ìsàlẹ̀ kànga jìn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Okùn ìdí rẹ̀ ha òkúta, ó já.

Rùfáì pè é títí. Kò dáhùn. Ó tan fìtílà, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Bó ṣe débẹ̀ báyìí, ó kú.

“Ẹ̀gbọ́n Rùfáì, ẹ má wọ̀ ọ́ o,” ni Ọ̀ṣìnúbí, fọ́máànù wọn, wí. “Òfin yín ni.”

Ẹ̀rù ba Rùfáì. Kí ni yóò wí fún ìyá wọn? Ó fa fìtílà sókè, ó ń wò ó. Ìgbà náà ló rántí: iná tí ò rí atẹ́gùn, díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹlẹ̀. Èyí kọ́kọ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kú.

“Afẹ́fẹ́ ló fẹ́ ẹ pa,” ó ní.

“Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì í wò ńkọ́?”

“Ẹ bá mi di okùn mú.”

Ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́rùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, ó bú sẹ́kún. Ihò ńlá kan ló là sábẹ́ kànga, ó ga tó mọ́ṣáláṣí, ògiri rẹ̀ funfun, ẹnikẹ́ni ò sì gbúròó rẹ̀ rí. Jìbírílù wà níbẹ̀, òkúta àti iyanrìn bò ó dé àyà, kò lè pariwo. Rùfáì fọwọ́ lásán hú u.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Jìbírílù sọ jẹ́jẹ́, “mo rí fìtílà yín nígbà tó kú. Mo ti gbàdúrà ìkẹyìn fún ara mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wá.”