Ìsáǹsá Ni Mo Kọ

Òórùn pákó tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa láràárọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà, nítorí ibi tí wọ́n ti ń la pákó kò jìnnà sí wa. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òórùn náà á wọ inú yàrá, á bá ti bébà àti ti yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pàdé, títí tí oorun á fi máa kun èèyàn lórí ìjókòó. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì ọ̀hún, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Iṣẹ́ ògbufọ̀ là ń ṣe níbẹ̀: ìkéde, ìwé ìléwọ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìpolówó ọjà fún rédíò. Ọ̀gá wa ń gba iṣẹ́ wá, èmi ń tú u sí Yorùbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, mo ń gbé ní Àgbowó, mo sì ń gbéraga díẹ̀ pé èdè mi ni mo fi ń jẹun.

Ìyá kan wà tó ń gbálẹ̀ ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ará Òkè Ògùn ni. Kí n tó dé láàárọ̀, ó ti gbálẹ̀, ó ti nulẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti ró ìró tó mọ́, ó ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn ju ti gbogbo ìwé tí mo kà lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ gbólóhùn gígùn kan sílẹ̀ fún àìsàn tó ń sú sí ọmọdé lára, òun ló rẹ́rìn-ín tó ní èéyi nìyẹn, pé kò sí abiyamọ tí kò mọ̀ ọ́n. Àǹtí ló ń pè mí, ẹ̀yin ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kò gbà.

Iṣẹ́ kan wá dé látọ̀dọ̀ àwọn kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ìlú ṣe. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá, níta báńkì àti lẹ́nu ìsọ̀ kúrò nígboro, láti Dùgbẹ̀ títí dé Challenge. Ìkéde ojú ìwé kan ni. Wọn yóò kà á lórí rédíò, wọn yóò sì fi ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn sórí polongo rẹ̀ kiri ìgboro. "Vagrants" ni Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn èèyàn náà. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn títí oòrùn fi kan àtàrí. Alárìnkiri kò bá a mu, nítorí oníṣòwò náà ń rìn kiri. Ọmọ ìta kò bá a mu, jàǹdùkú nìyẹn. Mo bá sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, kí là ń pe ẹni tí kò nílé, tó kàn ń sùn síbí sùn sọ́hùn-ún?"

Ó fọwọ́ na etí ìró rẹ̀. "Nílùú tiwa, àlejò là ń pè é," ó ní. "Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí kò ríbi wọ̀ sí, ẹnì kan á tẹ́ ẹní fún un."

"Ti ìgboro ńkọ́?"

"Ẹni tí kò ríbi gbé ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Kì í ṣe èèyàn burúkú, èèyàn tó fẹ́ kí oníbàárà padà wá ni. Ó ní, "Èyí á jẹ́ kí àánú wọn ṣe àwọn ará ìlú. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ nìyẹn. Kọ ìsáǹsá."

"Ọ̀gá, ẹni tó dáràn níbì kan tó sá kúrò ń jẹ́ ìsáǹsá. Àwọn wọ̀nyí ò sá fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ó kúrú, ó sì dún dáadáa. Bí o ò bá lè kọ ọ́, a ó wá ẹni tó lè kọ ọ́."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo pa "àwọn tí kò ríbi gbé" rẹ́, mo tẹ "àwọn ìsáǹsá" sí ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tó kéèyàn mu omi. Mo tún ka gbogbo rẹ̀ sókè, ó sì dùn létí. Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn sí i díẹ̀.

Wọ́n ti kà á lórí rédíò fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí ọkọ̀ náà tó gba iwájú ilé wa kọjá. Ohùn ọkùnrin kan ń ké pé kí ará ìlú fi ìsáǹsá hàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà wọ́n láyè lẹ́nu ìsọ̀. Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ nígbà tí Ìyá pè mí. Kò pè mí ní àǹtí.

"Ìwọ lo kọ ìyẹn?"

Mo ní èmi ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá sọ. Ó gbọ́ ọ tán, kò pariwo. Ó wá sọ fún mi pé ó ti pé ọdún méjì tí òun ti ń sùn nínú ìsọ̀ kan nínú ọjà Bódìjà. Òun àti ọkọ òun ló jọ gba yàrá ní Òkè Àdó. Ọkọ kú, onílé ta ilé, ẹni tó rà á sì wó o. Obìnrin tó ni ìsọ̀ náà ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó máa fi sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí obìnrin náà gbọ́ rédíò, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà.

"Ó bi mí pé kí ni mo ṣe níbi tí mo ti wá," ni Ìyá wí. "Ọdún méjì, kò bi mí rí. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo ní kó wá máa sùn lọ́dọ̀ mi ní Àgbowó. Ó ní rárá, ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n dúró, kí n bẹ̀ ẹ́. Mo lọ sókè, nítorí iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀.

Ọjọ́ kejì, kò wá. Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń ta pákó sọ fún mi pé òun rí i nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó àwọn tó sùn síta báńkì láàárọ̀ àná. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mọníyà, níbi tí wọ́n ní wọ́n ń kó wọn sí. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì di ìwé kan mú. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí pé, "Ìsáǹsá wo lẹ ń wá?"

Kò sí èébú nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè irú aṣọ tí mo fẹ́ rà.

Ó béèrè orúkọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Fún odindi ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin yìí, Ìyá lásán ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo ní obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ará Òkè Ògùn. Ó ní irú wọn pọ̀, pé wọ́n ti kó àwọn tó wá láti apá ibẹ̀ lọ láàárọ̀, kí kálukú lè padà sílùú rẹ̀. Ìlú wo? Òun ò mọ̀. Awakọ̀ ló mọ ibi tó já wọn sí.

Mo béèrè káàkiri títí, n kò rí i. Mo sì tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà. Ẹlòmíràn ń gbálẹ̀, n kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkéde yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò lọ. Lóṣù tó kọjá, ní Challenge, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún bàbá arúgbó kan tó jókòó, tó gbé àpò síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, pé, "Ìsáǹsá, dìde níbẹ̀." Bàbá náà dìde.

Àwọn tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún máa ń tù mí nínú pé ọ̀gá ló fipá mú mi. Ọ̀gá ò gbọ́ Yorùbá tó mi. Nínú ọ́fíìsì yẹn, èmi nìkan ló mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò ríbi gbé àti ẹni tó dáràn tó sá. Torí pé mo mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tẹ̀ ẹ́.