Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Wí fún Dókítà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí àjèjì bá bi yín léèrè ìgbà tí ohun tó ń ṣe ọmọ yín bẹ̀rẹ̀, ṣé òtítọ́ ni ẹ ó sọ ni, àbí ohun tó yẹ ilé yín?

Èmi sọ ohun tó yẹ ilé mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin mi nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ring Road. Kì í jẹ́ ìpè, kì í wo ojú ẹni. Ìdérí ìkòkò ló máa ń yí nílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kíláàsì kan ṣoṣo la gbọ́ pé ó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ní Bódìjà, ìwé dókítà ni wọ́n sì fi ń wọ ibẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀?" ni dókítà bi wá.

Ìyàwó mi ní, "Dókítà, láti orí ọmú ni . . ."

Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Rárá o. Ó ń sọ̀rọ̀ geere títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibà ló kọlù ú."

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Àbúrò mi obìnrin ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, àwọn àna sì ti ń rán ènìyàn wádìí ìdílé wa. Ọmọ tí ibà ṣe léṣe kò ba ilé jẹ́. Èyí tí a bí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àrùn ìdílé.

Dókítà ṣí ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn mọ̀, ó mi orí. "Bàbá, n kò lè kọ ọ́tísímù, orúkọ àìsàn tí kíláàsì Bódìjà ń gbà. Ìwé wa ní ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọgbọ̀n oṣù, ìyẹn ọdún méjì àbọ̀." Orúkọ mìíràn ló kọ. Ní Bódìjà, wọ́n ní àwọn kò gba orúkọ yẹn.

Nínú takisí tí a wọ̀ padà sí Òkè Àdó, ìyàwó mi kọjú sí mi nígbà tí a dé Dùgbẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, baálé ilé," ló wá wí. "Ẹ ti gbèjà ilé yín. Ta ni yóò gbèjà ọmọ yín?"

Mo lè padà lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ. N kò lọ. Bí wọ́n ti kọ́ mi, àgbà kì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún pọ́n ọn lá. Àbúrò mi lọ sílé ọkọ.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, dókítà náà ránṣẹ́ pè wá. Ìwé tuntun ti dé láti òkè òkun. "Bàbá, wọn kò béèrè ọgbọ̀n oṣù mọ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, ó ti tó." Ó kọ ọ́tísímù lójú wa, kò bi mí ní nǹkan kan. Ìyàwó mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ìwé ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ṣáájú mi.

Wọ́n gbà á ní Bódìjà lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Kíláàsì náà kì í tọ́jú ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ọmọ mi sì ti pé mẹ́sàn-án. Ọdún kan péré ló lò níbẹ̀.